Orí Kan Ṣoṣo

Ọjọ́ Ẹtì ni ará Kútọnu ń bọ̀ wá rà wọ́n.
Ọjọ́ Rú ni Rómáànà kó wọn wá bá mi,
mẹ́rin, nínú aṣọ àrán tí kòkòrò ti jẹ létí.
Ó tò wọ́n sórí tábìlì mi ní Ògánlà
láàárín àwọn aago tí mo tú ìfun wọn sílẹ̀.
"Ìwọ lo mọ irin. Èwo ló jù?
Bàbá ò fẹ́ kí n tà wọ́n ní ọ̀pọ̀ bí ẹja ìjẹta."

Èmi ò fa tábà rí,
ṣùgbọ́n irin kì í purọ́ fún àtàǹpàkò.
Mo wé kàlẹ́ńdà èṣí roboto bíi ṣàrútù
(ṣàrútù ni wọ́n ń pè é nílé Àgùdà tiwọn),
mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé oṣù.

Èkíní, abẹ méjì tó ń pàdé bí eyín,
ó dúdú bí kóró iṣin, ó wúwo ju bó ti kéré lọ.
Mo tẹ̀ ẹ́, n ò gbọ́ nǹkan kan.
Ẹrẹ́nà ti wà nílẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ó gé.

Èkejì, wúrà ni wọ́n fi bò ó.
Ó ń gbẹ́ kòtò bí inú ọkọ̀ apẹja ọ̀sà,
àmọ́ ó ń fi òwú sílẹ̀ létí kòtò náà.
Ẹni tó bá ra ìyẹn, ojú ló rà.

Ẹ̀kẹta ò ju ọta ìbọn lọ,
ó so mọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé kan tí wọ́n ti tà.
Ó ń lu ihò, ihò náà mọ́ tónítóní.
"Ṣùgbọ́n ihò kékeré a máa mú ahọ́n korò,"
Rómáànà ló sọ bẹ́ẹ̀, ó ń wo ilẹ̀.
N ò bi í bó ṣe mọ̀.

Ẹ̀kẹrin, àlùmọ́gàjí fàdákà,
lẹ́tà méjì ni wọ́n fín sí i lára.
Ìdè rẹ̀ ti tú, ó ń mì bí eyín àgbà.
Kò gé Agẹmọ. Ó jẹ ẹ́ ni.

A gun sẹ́mì kan ṣoṣo lọ sílé wọn.
Bàbá Bènédítò wà lórí ibùsùn lẹ́bàá fèrèsé,
dókítà ti ní kó má tún tanná sí ewé kankan mọ́.
Ó gbọ́ ìdájọ́ mi tán, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.
"Ìwé lo gé? Ìwé ò kúkú ní orí."
Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìrọ̀rí, ó yọ ọ̀kan,
ìkan tó kù.
"Orí kan ṣoṣo lèyí ní. Ẹ fi gbogbo wọn gé e."

Ọta ìbọn ló kọ́kọ́ lu ihò rẹ̀.
Ó fà á ní tútù, láìsí iná, ó mi orí.
Wúrà gbẹ́ ọkọ̀ sórí ihò náà. Ó fà á.
Abẹ méjì ré ọkọ̀ dànù láìfọhùn,
ó fà á, ó dijú, ó pẹ́ kó tó là á.
"Òótọ́ lo sọ. Èyí ni ọ̀gá."

Ó ku àlùmọ́gàjí.
Òun fúnra rẹ̀ ló dì í mú, ọwọ́ ń gbọ̀n.
Ewé náà ya fàà, títí dé òrùka ìwé tó wà lọ́rùn rẹ̀.
Mo ní kí n bá yín fún ìdè yẹn, sà.
"Má fọwọ́ kàn án.
Bó ṣe máa ń ya lọ́wọ́ bàbá mi nìyẹn.
Rómáànà, ta mẹ́ta yòókù."

Kò fún mi ní sẹ̀fà.
Ó gbá àwọn èérún orí náà jọ sínú ìwé kékeré,
ó ní kí n gbà, owó iṣẹ́ mi ni.
Inú dúrọ́ọ̀ ni mo jù ú sí, pẹ̀lú àwọn okùn aago,
mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.
Ní ìsinsìnyí, ẹni tó bá gbé aago wá
á gbé e sí etí, á tún gbé e sí imú,
á ní, "Ta ló ń mu tábà níbí?"